Ẹ̀ẹ̀rùn Ni Ká Kó Gbéborùn: Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwa Òṣìṣẹ́ Kánáà Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àwa òṣìṣẹ́ tí à ń fi ọwọ́, àdá àti ìkọ́ kó èpò kúrò lójú omi, nínú kánáà àti gọ́tà ńlá tó gba Òkè-Àfà, Ejìgbò, Ajao Estate, Ìsọlọ̀, Ìlasamàjà, Ọ̀kọ́ta àti Mafolúkù kọjá, ṣe ìpàdé gbogbogbò wa ní Ìsọlọ̀. Èrò pé. Àwọn awakọ̀ tipa wá, àwọn obìnrin tó ń ṣa ọ̀rá àti ike kúrò lára èpò wá, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi wá, títí kan àwọn àgbà Ègùn àti Ìlàjẹ tó mọ èpò yìí láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ dé. Ọ̀rọ̀ kan ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa: ìgbà wo nínú ọdún ló yẹ kí iṣẹ́ yìí máa wáyé, ta ni yóò sì máa san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàtà, ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti owó oṣù, inú rẹ̀ náà ni gbogbo wọn ti jáde. À ń fi ìpinnu wa ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, sí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè Ìsọlọ̀ àti Ejìgbò, sí àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gbà wá síṣẹ́, àti sí gbogbo ará àdúgbò tí kánáà gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá.

Ẹni tí kò bá tíì sún mọ́ èpò náà lè rò pé ẹwà ló bo ojú omi. Ewé rẹ̀ ń dán, ọrùn ewé náà wú nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò. Gbéborùn ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é. Nínú ìwé ìjọba, wọ́tà háyásíǹtì ni. Kì í ṣe ti ilẹ̀ wa rárá. Agbègbè odò Amasónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, òdòdó yẹn ló sì mú kí àwọn èèyàn máa gbé e láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ojú oró àti òsíbàtà ti wà lójú omi wa kí wọ́n tó bí àwọn baba ńlá wa, wọn kò sì lé apẹja kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ti èyí. Ọdún 1984 ni wọ́n rí gbéborùn nínú odò Àgbádárìgì, omi ló gbé e wá láti ìhà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Kò pẹ́ tó fi gba ojú ọ̀sà Èkó, tó sì wọ ẹkùn Ìlàjẹ.

Àwọn àgbà tó wà ní ìpàdé ròyìn bí ó ṣe rí nígbà náà. Apẹja á dẹ àwọ̀n sílẹ̀ lálẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́, èpò ti bo àwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbà dé ibẹ̀. Èpò á lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ á dúró láàárín ọ̀sà pẹ̀lú ẹrù ọjà lórí rẹ̀. Ẹja á kú sí abẹ́ rẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ kò wọ omi mọ́. A jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ náà tán pátá, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ rò pé inú kánáà Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí èpò yìí sí.

Ó yẹ ká ṣàlàyé bí a ṣe ń kó o, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń fowó sí iṣẹ́ yìí ti ń ṣì wá gbọ́. Ìyá èpò kan á na okùn lábẹ́ omi, ọmọ á hù ní orí okùn náà, ọmọ yẹn náà á tún na okùn tirẹ̀. Bí o bá fi àdá ṣá okùn náà já, o kò pa nǹkan kan, ńṣe lo sọ ẹyọ kan di méjì. Nítorí náà, àdá kọ́ ni olórí irinṣẹ́ wa. À ń fi àdá pín èpò tó ti di ẹní ńlá sí abala-abala ni, lẹ́yìn náà la ó fi ìkọ́ onígi gígùn fa abala kọ̀ọ̀kan wá sí etí. Ẹni tó wà nínú omi á ti abẹ́ gbé e, tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ dúdú tó rọ̀ sílẹ̀, ẹni tó wà lórí ilẹ̀ á gbà á. Inú gbòǹgbò yẹn ni gbogbo nǹkan wà: ẹrẹ̀, irun, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, ìgò tó fọ́. Àwọn obìnrin wa ló ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti fi ọparun àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a so pọ̀ dínà omi ní ìsàlẹ̀, kí èyí tó bá já mọ́ wa lọ́wọ́ má baà sá lọ. Apá òkè la máa ń mú bọ̀ sí ìsàlẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni kámẹ́rà máa dé, ó ń ná owó ìlú dànù.

Nínú omi tó ní ìdọ̀tí púpọ̀, èpò yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èso rẹ̀ ń rì sínú ẹrẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù. Ìdí nìyí tí ibi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹrẹ̀ kánáà fi máa ń tètè yọ èpò tuntun: oòrùn ti kan èso tó ti sùn nísàlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá rò pé wọ́n lè kó gbéborùn lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì parí, kò mọ gbéborùn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló wá kàn. Ohun kan wà tí àwa ń fojú rí lọ́dọọdún, tí àwọn onímọ̀ nípa omi náà sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀: gbéborùn kò lè gbé inú iyọ̀. Tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí odò tó ń ti inú ilẹ̀ wá bá fà, omi òkun á gba ẹnu ọ̀sà wọlé. Èpò ojú ọ̀sà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á rọ, á kú. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fi mú dáadáa, ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀sà Èkó á ti mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n omi òkun kì í dé Òkè-Àfà, kì í sì í dé Ejìgbò. Omi ilé, omi ọṣẹ, omi ṣáláńgá àti omi òjò ló wà nínú kánáà tiwa láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ajílẹ̀ fún èpò náà. Inú kánáà ìgboro ló ń sá pamọ́ sí nígbà tí iyọ̀ bá ń pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀sà. Tí òjò oṣù kẹrin bá wá dé, ìṣàn á já a gbà, á gbé e gba abẹ́ afárá kọjá, á kó o jọ síbi tí ihò afárá bá ti kéré, omi á sì padà sínú ilé àwọn èèyàn.

Tí ẹ bá ti gbọ́ èyí, ẹ ó mọ̀ pé láti oṣù kejìlá sí ìparí oṣù kẹta ni iṣẹ́ wa yẹ kó gbóná jù. Omi ti fà, èèyàn lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Èpò dúró lójú kan. Etí kánáà gbẹ, tipa lè sún mọ́ ọn láìrì. Èpò tí a bá sì sá á gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Síbẹ̀, oṣù wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wa máa ń jókòó sílé láìníṣẹ́. Ìgbà tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tí àwọn ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti kéde òjò ńlá, nígbà náà ni wọ́n á pè wá ní pàjáwìrì. A ó wọ omi tó ń ṣàn, tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó máa fa èpò tí omi náà ń fà mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí ẹni mẹ́wàá lè ṣe ní wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ogún èèyàn á ṣe é nínú òjò, kò sì ní mọ́ tó bó ṣe yẹ.

Kò sí ìpàdé wa tí ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002 kì í jẹ yọ. Ọjọ́ Àìkú ni. Ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí nínú bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ilé ń mì títí dé Òṣòdì, Mafolúkù àti Ìsọlọ̀. Àwọn èèyàn sá jáde. Ìyá gbé ọmọ pọ̀n, ẹ̀gbọ́n di àbúrò lọ́wọ́ mú, ọ̀pọ̀ wọn sì kọrí sí ìhà Òkè-Àfà àti Ejìgbò, níbi tí wọ́n rò pé pápá wà, tí iná kò ní lè lé wọn dé. Ilẹ̀ ti ṣú. Kánáà wà láàárín wọn àti ibi tí wọ́n ń sá lọ, gbéborùn sì bò ó. Ẹni tó wà níwájú tẹ̀ ẹ́, ó rì. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò rí i, òun náà tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Àwọn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà lé ní 1,000, kánáà ló sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn, tọmọdé tàgbà. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfà, ó sì sún mọ́ ibi tí àwa ti ń ṣiṣẹ́.

A kò sọ pé èpò ló pa wọ́n. Bọ́ǹbù ló lé wọn, òkùnkùn ló dì wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n omi tí ojú rẹ̀ mọ́ máa ń dán, kódà lálẹ́. Ẹni tó ń sáré bọ̀ lè rí i, kó dúró, kó sì kígbe fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Omi tí èpò bò kò fi ara rẹ̀ hàn ẹnikẹ́ni. Ẹ sì ṣàkíyèsí oṣù tó jẹ́. Oṣù kìíní ni, ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Òjò kọ́ ló gbé èpò wá lọ́jọ́ yẹn, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá sọ fún wa pé iṣẹ́ kò sí nínú oṣù kìíní torí pé àkúnya omi kò tíì dé, ohun tí a máa ń rántí ni àwọn òkú Òkè-Àfà. Àkúnya omi nìkan kọ́ ni à ń torí rẹ̀ kó èpò.

Ìpàdé pinnu pé láti ọdún yìí lọ, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ráyè yóò péjọ ní Òkè-Àfà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ 27 oṣù kìíní, láti kó èpò tó bá wà ní apá kánáà tó kọjú sí ibi ìrántí náà. A kò ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹnì kan nínú wa béèrè ìbéèrè kan tó gba àkókò. Ó ní òun gbọ́ pé kòkòrò kan wà tó ń jẹ gbéborùn, kí ló dé tí wọn kò fi kó o wá, kí àwa sì sinmi? Òótọ́ ni, kòkòrò náà wà. Ó kéré, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ. Gúúsù Amẹ́ríkà tí èpò ti wá ni òun náà ti wá, gbéborùn sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ní 1991, àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ibùdó wọn wà lẹ́bàá Kútọ̀nu, bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ lójú omi gúúsù Benin. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kó tó gbilẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbilẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé nígbà tí èpò náà pọ̀ jù, ó ń mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là kúrò lọ́dọọdún nínú owó tó ń wọlé fún nǹkan bí 200,000 èèyàn, pàápàá àwọn apẹja àti àwọn tó ń ta oúnjẹ. Nígbà tí kòkòrò dín in kù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 30.5 dọ́là ló ń padà sápò wọn lọ́dún. Owó tí gbogbo iṣẹ́ náà ná wọn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.09 dọ́là lọ. Lórí adágún Victoria ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà náà, irú kòkòrò kan náà ni wọ́n lò nínú àwọn ọdún 1990.

Inú wa dùn sí ìròyìn yìí, a ò sì bẹ̀rù pé kòkòrò yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Omi tó gbòòrò, tó dákẹ́, ni kòkòrò náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú kánáà ìgboro, àgbàrá á gbé èpò lọ tòun ti kòkòrò orí rẹ̀, omi ṣáláńgá á sì máa bọ́ èpò náà débi pé bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹyọ kan, ẹyọ méjì ń hù. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ pe àwọn onímọ̀ NIOMR, ilé ìwádìí ìjọba lórí òkun, tó wà ní Victoria Island àti àwọn ti IITA, kí wọ́n wá wo omi wa láti Ejìgbò títí dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tí kòkòrò ti lè wúlò àti ibi tí ọwọ́ èèyàn kò ti ṣeé pààrọ̀. Kí wọ́n sì pe àwa náà síbẹ̀. A mọ ibi tí èpò ti kọ́kọ́ ń hù lọ́dọọdún, ìwé kankan kò sì sọ ọ́.

Lórí oògùn pa-èpò-pa-èpò, ohùn wa ṣọ̀kan. A kò fẹ́ kí wọ́n fọ́n ọn sójú kánáà. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí omi yìí ń bu omi rẹ̀ wọ́n ewébẹ̀ tí gbogbo wa ń jẹ. Èpò tí oògùn bá pa kì í lọ síbì kankan, ńṣe ló ń rì, ó ń jẹrà nísàlẹ̀, omi á rùn, ẹja á kú, ẹrẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Àwa sì ni a ó wọ inú omi náà lọ́jọ́ kejì. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de oògùn pa-èpò-pa-èpò tó ń jẹ́ paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, torí náà ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń gbé e wá síbi iṣẹ́ ń rú òfin. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan kò gbọdọ̀ gbé tanki oògùn kọ́rùn lójú kánáà.

A kò lòdì sí ẹ̀rọ. Swamp buggy, ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, ń ṣe ní ọjọ́ kan ohun tí àwa lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe níbi tí kánáà ti fẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ á kó èpò jọ gègèrè sí etí kánáà, wọ́n á ya fọ́tò, ẹ̀rọ á lọ. Òjò méjì lẹ́yìn náà, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti padà sómi, ó sì tún ń hù. Èpò tútù wúwo púpọ̀: ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ tó jẹ́ omi. Ẹni tó bá fi tipa kó o ní tútù, omi ló ń sanwó epo fún. À ń béèrè pé kí wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìhà Òkè-Àfà àti ní ìhà Ọ̀kọ́ta, tí ó jìnnà díẹ̀ sétí omi, níbi tí a ó ti máa sá èpò kí tipa tó wá kó o. Kí owó kíkó èpò dànù sì wà nínú ìwé àdéhùn kan náà tó ní owó fífà á jáde. Títí tí èpò yóò fi kúrò létí kánáà, iṣẹ́ kò tíì parí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bu ọwọ́ lù ú pé ó ti parí.

Àwọn kan bi wá bóyá èpò tó gbẹ náà kò lè di owó. Ó lè di owó. Ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ MitiMeth tí Achenyo Idachaba dá sílẹ̀ ń fi igi ewé gbéborùn tó gbẹ hun agbọ̀n àti oríṣiríṣi ohun èlò ilé, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ará etí omi ní iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ́ ọ, ìpàdé sì ti yan àwọn tí yóò kàn sí wọn. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ ṣe. Gbéborùn máa ń fa òjé àti àwọn májèlé mìíràn tó bá wà nínú omi sára, omi ilé iṣẹ́ ńlá sì ń wọ kánáà wa. Èyí tó bá jáde láti inú kánáà yìí kò gbọdọ̀ di ajílẹ̀ oko ẹ̀fọ́, kò sì gbọdọ̀ di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ewúrẹ́, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àwa fúnra wa. Ní oṣù keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 jákèjádò Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kò rí iye yẹn nígbà tí oṣù bá parí, torí pé ọjọ́ tí omi bá le jù kò sí iṣẹ́, ọjọ́ tí kò bá sì sí iṣẹ́ kò sí owó. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò tíì rí owó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán gbà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tẹ ìgò tó fọ́ nínú omi, ìgò náà gé e wọnú ẹsẹ̀. Àpò ara rẹ̀ ló fi san owó ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ kí ojú egbò náà tó jiná. Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010, sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìtọ́jú àti owó gbà. À ń fẹ́ kí ìjọba kọ̀ láti fún agbaṣẹ́ṣe tí kò bá san owó yìí ní iṣẹ́ kánáà mọ́. Kò yẹ kí èyí gba ìpàdé.

A tún fẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń wọ omi ní sòkòtò ròbà tó dé àyà, bàtà tí ìgò kò lè gún, àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kó sì gba abẹ́rẹ́ tẹ́táńọ́ọ̀sì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀fọn ń pọ̀ lábẹ́ èpò, ejò ń sùn lórí rẹ̀, ìgbín omi tó ń gbé àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kiri ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ní kó wọ omi pẹ̀lú sílípáàsì, kó jókòó sórí ilẹ̀. Ẹgbẹ́ yóò dúró tì í.

Olórí ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba rèé: kí iṣẹ́ kánáà kúrò ní iṣẹ́ pàjáwìrì, kó di iṣẹ́ ọdọọdún. Kí ikọ̀ kan wà fún Òṣòdì, Ìsọlọ̀ àti Ejìgbò, tí yóò máa gba owó oṣù láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, tí yóò sì mọ apá omi tó jẹ́ tirẹ̀. Kí iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá. Láti oṣù kẹrin síwájú, kí ikọ̀ náà máa rìn yí ká lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó máa ṣa ọmọ èpò kó tó di ẹní. A mọ̀ pé àwọn ikọ̀ EFAG, ikọ̀ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ lórí àkúnya omi, ń bọ́ sí gọ́tà nígbà òjò, a sì mọyì wọn. Èyí tí à ń sọ yàtọ̀, nítorí pé kí òjò tó dé ni.

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Ìjọba fòpin sí ìmọ́tótó ọjọ́ Sátidé ìparí oṣù ní 2016, ṣùgbọ́n gọ́tà kò mọ̀ pé òfin ti yí padà. Páìpù sókàwéè tí ẹ dojú rẹ̀ kọ kánáà ló ń bọ́ gbéborùn. Láti oṣù kìíní 2024 ni Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù, síbẹ̀ a ṣì ń yọ ọ́ nínú gbòǹgbò èpò lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àyè wà létí kánáà. Níbi tí wọ́n bá ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí ọgbà mọ́ etí omi, tipa kò lè wọlé, orí la ó fi ru èpò náà. Ewé Akíntọ́lá àti jógbo tó ń hù létí kánáà, àlejò ni àwọn náà lórí ilẹ̀ wa, ẹ máa gé wọn kí wọ́n tó gbà wá lọ́nà.

Ẹ má gbé gbéborùn relé nítorí òdòdó rẹ̀, ẹ má fi sínú àgbá omi, ẹ má sì fi ṣe ọ̀ṣọ́ adágún ẹja. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan nínú gọ́tà iwájú ilé yín, ẹ má ṣá a. Ẹ fà á jáde tòun ti gbòǹgbò, ẹ sá a sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí omi, kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó kó o fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Bó bá ju ohun tí ọwọ́ yín ká lọ, ẹ sọ fún èyíkéyìí nínú wa tí ẹ bá rí létí kánáà.

Alága àti Akọ̀wé ló fọwọ́ sí i, ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ní Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.